Àbẹ̀kẹ́ Ò Jẹ́ Ká Sùn

Ṣòkòtò ni Jàfárù rán, tó rán ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ pa. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ nǹkan! Ọkùnrin tó ti ń ránṣọ láti ìgbà tó ti wà l'Ógbòmọ̀ṣọ́, tó ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ yanjú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Ígándò níbí, ló gbé ṣòkòtò lé oníbàárà lọ́wọ́. Oníbàárà ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ ò jáde. Oyèníran tó ni ṣòkòtò ń fi ẹsẹ̀ kan fò kiri iwájú ṣọ́ọ̀bù bí adìyẹ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, àwọn tó ń lọ sọ́jà dúró, wọ́n ń wò ó. Jàfárù ò tilẹ̀ rí i. Ó ti fi orí lé maṣíìnì, ó ń hanrun.

Kì í ṣe ọtí o, kì í sì í ṣe àìsàn. Ológbò ni. Ológbò ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sùn.

Àbẹ̀kẹ́ ni Mùnírátù ìyàwó rẹ̀ sọ ológbò náà. Kékeré ló ti gbé e wọlé, nígbà tí eku ń jẹ aṣọ oníbàárà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láti ìgbà náà ni eku ò ti yọjú mọ́. Mùnírátù ń kì í, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Jàfárù a máa ṣe bí ẹni pé kò kan òun. Àmọ́ tí ìyàwó bá ti jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ológbò ń sùn lé, kì í sì í lé e.

Gẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀ tán ni Hamdalah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, bímọ n'Íbàdàn, ni Mùnírátù bá di ẹrù, ó ń lọ wẹ ọmọ. Ó ti wọ kẹ̀kẹ́ tán kó tó yọrí síta.

"Bàbá Hamdalah, ẹ bá mi tọ́jú Àbẹ̀kẹ́ o. Bí mo bá dé tí mi ò bá a nílé, ẹ̀yin náà ẹ yáa wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn."

Ó fi ẹ̀rín bò ó, àmọ́ Jàfárù mọ ìyàwó rẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ.

Àfi bí ìyàwó ṣe lọ tí wàhálà dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí oorun dùn jù lọ, Àbẹ̀kẹ́ fò lé Jàfárù láyà, ó fi ọwọ́ gbá a nímú, ó bú sígbe. Igbe wo nìyẹn? Igbe ẹni tí olè jà ni! Jàfárù tì í sílẹ̀, ó tún gun bẹ́ẹ̀dì. Ó tì í síta, ológbò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń họ ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́, àkókò kan náà, kì í yẹ̀.

Jàfárù rò ó títí. Ṣebí Mùnírátù ti ń bá a jà tipẹ́ pé kì í dìde kírun òru, pé oorun ni yóò bá a dé ọ̀run? Ọkàn rẹ̀ wá sọ fún un pé Ọlọ́run ló ń rán ẹran ọ̀sìn wá pe òun. Àánú ara rẹ̀ ṣe é, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun. Nígbà tó kí i tán, ó rí Àbẹ̀kẹ́ tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìrun bí ọmọ ilé kéú, inú rẹ̀ dùn, ó lọ yọ ẹja kan nínú ọbẹ̀ fún un.

"Gbà, oníwàásù mi."

Oníwàásù jẹ ẹja, ó lá ẹnu, ó lọ sùn. Òun sùn o! Jàfárù ni kò rí oorun sùn mọ́. Bó sì ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, ìrun tán, ẹja tẹ̀lé e. Nígbà tí ológbò rí i pé igbe ń mú ẹja wá, ó fi kún igbe.

Ìyá Títí tó wà ní yàrá kejì ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀. "Bàbá Hamdalah, ẹ̀yin ẹ ṣì ń pe nǹkan yẹn ní ológbò? Ológbò wo ló ń ké báyẹn lóru? Ẹ là mí lóye jàre!" Láti ọjọ́ náà, tí Àbẹ̀kẹ́ bá fẹ́ kọjá lójú rẹ̀, á gbá aṣọ mọ́ra, á máa ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Èyí ò tíì tó nǹkan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni onílé, Alàájì Abdulganiyy, ọmọ onílẹ̀ Ìgándò pọ́ńbélé, tó tún jẹ́ ládàánì mọ́sálásí kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, ẹni tó ń pe ìrun fún gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa Alàájì. Ohùn rẹ̀ dùn. Tó bá pe ìrun, ọkàn ẹni a rọ̀. Àmọ́ oorun ọkùnrin yẹn, háà! Kí ààwẹ̀ tó dé, kò sọ́jọ́ tí wọn ò bá a wí ní mọ́sálásí pé ó tún pẹ́ pe àsùbáà. Nígbà ààwẹ̀, ariwo àwọn tó ń jí èèyàn jẹ sàárì kí ilẹ̀ tó mọ́ kì í jẹ́ kó sùn. Ààwẹ̀ tán, gbogbo èèyàn rò pé á padà sídìí oorun rẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ pe ìrun rárá! Àwọn àgbà mọ́sálásí ń ṣàdúà fún un, òun náà ń yan kiri pé òun ti ṣẹ́gun èṣù oorun.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n bọ́ ṣòkòtò lẹ́sẹ̀ Oyèníran náà ni Alàájì wọ ṣọ́ọ̀bù Jàfárù, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Jàfárù, gbogbo ilé ló ń ráhùn. Mo fún ọ di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Bí ológbò yẹn bá tún sùn nínú ilé mi lẹ́yìn Jímọ̀, ìwọ àti òun lẹ jọ máa wá ilé míì."

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ológbò ìyàwó mi ni."

"Ṣé ìyàwó rẹ ló kọ́lé ni?"

Oyèníran tó ń dúró de ṣòkòtò dá sí i. "Bàbá, ẹ gbé e fún mi. N'Íjẹ̀gùn tí mò ń gbé, eku ibẹ̀ tó ọmọ èèyàn. Bí mo bá kírun Jímọ̀ tán, mo máa yà wá gbé e."

Jàfárù ń tú òwú ṣòkòtò lọ. Tó bá yọ̀ǹda ológbò, kí ló fẹ́ sọ fún Mùnírátù? Tí kò bá yọ̀ǹda rẹ̀, ẹrù wọn níta ni Mùnírátù máa bá. Ohun kan sì tún wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: òun gan-an ò fẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ lọ. Ilé ti dákẹ́ jù látìgbà tí ìyàwó ti lọ. Tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé lálẹ́ tó ní "Mo dé o," ológbò yẹn nìkan ló ń dá a lóhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló pe Ìbàdàn. Ó ka gbogbo ẹjọ́ náà fún Mùnírátù, títí dórí ìrun òru, títí dórí ẹja. Mùnírátù bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ọmọ tuntun fi ta jí lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sunkún.

"Bàbá Hamdalah, sàárì ló ń bèèrè!"

"Sàárì bí ti báwo?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tòògbé jẹ sàárì, kí lẹ fẹ́ mọ̀? Gbogbo ààwẹ̀, tí mo bá ti dìde láti dáná, orí ẹja ni mo kọ́kọ́ ń fún un, kó má bàa dí mi lọ́wọ́. Ta ló sọ fún un pé ààwẹ̀ ti tán? Ó rò pé ẹ ń sùn gbàgbé ni. Ẹ̀yin wá ń fún un lẹ́ja lé e lórí!"

Ojú ti Jàfárù. "Èmi rò pé Ọlọ́run ló ń pè mí ni."

"Ó lè máa pè yín náà, ẹ má fi ìrun sílẹ̀. Ẹja yẹn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀." Ó wá kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe é. Lálẹ́, tó bá kírun ìṣáì tán, kó so àjákù aṣọ mọ́ okùn, kó máa wọ́ ọ kiri yàrá, kí Àbẹ̀kẹ́ máa lé e títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni kó fún un ní orí ẹja, kó yó bámú. "Tó bá wá jí yín, ẹ má mira. Ẹ má bú u, ẹ má lé e. Á kọ́kọ́ ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o, àmọ́ á sú u."

Jàfárù lọ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n fara dà á di Jímọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bàbá arúgbó tó ń wọ́ àjákù àǹkárá kiri yàrá, tí ológbò ń lé e, tí àwọn ọmọ ilé ń yọjú lójú fèrèsé, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, Àbẹ̀kẹ́ ké bí kò ṣe ké rí. Ó gùn ún láyà, ó fa etí rẹ̀, Jàfárù dì mọ́ pílò, ó ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀ sínú. Ìyá Títí gbá ògiri. Jàfárù ò mira.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ológbò ṣì ké. Ọkàn Jàfárù bà jẹ́. Ó ra apẹ̀rẹ̀ tó ní ọmọrí, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn de Oyèníran, ó sì se odindi ẹja fún Àbẹ̀kẹ́ lálẹ́, bí ẹni ń sin ọmọ lọ ilé ọkọ. "Má bínú sí mi," ló sọ fún un. "Mo gbìyànjú."

Oòrùn ló jí i. Oòrùn! Ó ti ràn wọ fèrèsé, ó ti dé ojú rẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ara ọmọdé. Ó kọ́kọ́ nà, ó yán, kó tó rántí ológbò. Ṣé ó ti kú ni? Ó bojú wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àbẹ̀kẹ́ nà gbalaja síbẹ̀, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń hanrun tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Jàfárù ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Alhamdulilahi! Alhamdulilahi!"

Ìgbà náà ló gbọ́ ariwo níta. Gbogbo àdúgbò ló ti sùn gbàgbé. Ìyá Títí ń pariwo pé àwọn ọmọ òun ti pẹ́ dé iléèwé, ẹnì kan ń bèèrè pé ṣé wọ́n pe ìrun lónìí ni. Kí Jàfárù tó dé ẹnu ọ̀nà, Alàájì ti já wọlé, ó dojú fìlà dé, bàtà rẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì.

"Jàfárù! Kí lo ṣe fún ológbò?" Ojú rẹ̀ bá apẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbá àyà mú. "O ti gbé e lọ?"

"Ó ń sùn, Alàájì. Kò ké lónìí. Ẹ̀yin lẹ ní—"

"Èmi ni mo ní kí ni?" Alàájì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mí gúlegúle. "Lọ́jọ́ Jímọ̀, Jàfárù! Àwọn àgbà ti dúró sẹ́nu mọ́sálásí títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, wọn ò gbọ́ ìpè. Lémọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ló wá kan ilẹ̀kùn mi." Ó wo Àbẹ̀kẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àṣé igbe rẹ̀ ló ti ń jí mi kí àsùbáà tó tó. Èmi náà ò mọ̀ pé òun ni. Mo ti rò pé àdúà mi ló gbà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Jàfárù, àmọ́ àgbà ni Alàájì, ó gbé e mì. "Alàájì, àdúà ló gbà náà. Ọ̀nà tó gbà wá lẹ ò mọ̀."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Oyèníran yà bó ti wí, ó wọ ṣòkòtò tuntun tó lẹ́nu. Alàájì fúnra rẹ̀ ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. "Ológbò wo? Ológbò mọ́sálásí lo fẹ́ gbé lọ s'Íjẹ̀gùn? Máa lọ jàre, lọ ra oògùn eku."

Báyìí ló ṣe di pé Àbẹ̀kẹ́ ń sùn sí yàrá Alàájì níwájú ilé, tó jìnnà sí tàwọn ayálégbé. Ibẹ̀ ló ti ń jí Alàájì, ibẹ̀ ló ti ń jẹ sàárì rẹ̀. Ọ̀sán nìkan ló ń wá na ara lé Jàfárù lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Mùnírátù dé láti Ìbàdàn, ó bá ọkọ tó sanra, ó bá ológbò tó sanra jù ú lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó na ọwọ́ láti jí ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ bá ààyè lásán. Jàfárù ti wà lórí ẹní ìrun. Láti iwájú ilé ni igbe Àbẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀, igbe kan, òmíràn, ó sì dákẹ́: ó ti rí orí ẹja. Kò pẹ́ sí i, ohùn Alàájì gba ojú ọ̀run.

"Ta ló jí yín?" Mùnírátù bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó jí mi," ni Jàfárù wí. "Mo ti sùn tó ni."