Ọjọ́ Tí Àgbàyà Gbé Mètírọ̀n

Lọ́jọ́ tí onígbàjámọ̀ ra mọ́tò pupa kékeré tí òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ní, "Ìjókòó méjì péré. Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orí ẹ́ńjìnnì ni wọn á jókòó sí?"

Ọkọ rẹ̀ ní kì í ṣe mọ́tò ọmọ, mọ́tò afẹ́fẹ́ ni. Ó ní tàpólì dúdú kan wà lẹ́yìn tí èèyàn lè fà borí bí òjò bá ń bọ̀. Ìyàwó ní òun ti gbọ́. Mọ́tò náà dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, síbẹ̀ bó bá ti bọ́ sójú títì báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá ìjà. Ìyẹn ni ìyàwó ṣe sọ ọ́ ní Àgbàyà. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Àwọn oníbàárà tó ń dúró de irun gígẹ̀ pàápàá á máa béèrè pé, "Àgbàyà ńkọ́? Ṣé ó jí lónìí?"

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í béèrè Àgbàyà ni ìyá ìyàwó. Mètírọ̀n ni tọmọdé tàgbà ń pè é, torí pé ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ló jẹ́ nílé ìwòsàn kó tó fẹ̀yìn tì, ìfẹ̀yìntì náà kò sì tíì dé ojú rẹ̀. Bó bá wọ ilé onílé, á fi ìka kan fa orí tábìlì, á wo ìka náà, á sì dákẹ́. Láti ọjọ́ tí onígbàjámọ̀ ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ káàárọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ ṣeun. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ mọ̀ pé ọgbà ni wọ́n fi yí òun ká. Ọkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ pé àná òde yìí ló dé, "ìwọ" ni màmá ń pè é, kódà "ìwọ yìí" nígbà míì. Onígbàjámọ̀ wá bi ìyàwó rẹ̀ léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Kí ni mo ṣe fún màmá?"

Ìyàwó rẹ̀ rò ó títí. "O ò ṣe nǹkan kan," ló sọ. "Bóyá ohun tó ń bí wọn nínú gan-an nìyẹn."

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àbúrò ìyàwó, tó ń gbé nílùú etí òkun, lóyún. Ìyàwó kó àwọn ọmọ sínú mọ́tò ńlá tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀, ó ṣáájú lọ bá a. Ètò ni pé Mètírọ̀n á wọ rélùwéè lọ bí oṣù bá pé. Ọmọ náà kò bẹ́nikẹ́ni ṣètò, ó dé ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè sì daṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Onígbàjámọ̀ ṣì ń fá ìrùngbọ̀n oníbàárà kan nígbà tí fóònù dún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Mètírọ̀n wí. "Mo gbọ́ pé ẹ ní mọ́tò kan."

Oníbàárà náà ní ńṣe ni onígbàjámọ̀ nàró ṣánṣán tòun tabẹ lọ́wọ́, òun sì di apá àga mú.

Nígbà tí Àgbàyà dé ẹnu ọ̀nà Mètírọ̀n, obìnrin náà ti dúró síta nínú aṣọ funfun tó ta ṣánṣán, báàgì ńlá kan lọ́wọ́. Àyè ẹrù ẹ̀yìn mọ́tò kò gba báàgì náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n dà á dùbúlẹ̀, kò wọlé. Bó ṣe di pé Mètírọ̀n wọlé jókòó tó gbé e lé itan nìyẹn, ó nà tọ́ọ́rọ́ bí ẹni tó ń dúró de oníṣègùn eyín.

"Bẹ́líìtì dà?"

"Ó wà níbí, mà. Ẹ jẹ́ n bá yín fà á, ó máa ń ṣorí kunkun."

"Gbogbo wa náà ni," ló wí, ó sì di báàgì rẹ̀ mú títí wọ́n fi kúrò nígboro.

Oòrùn mú díẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́. Onígbàjámọ̀ ń wa mọ́tò bí ẹni tó gbé ẹyin. Kẹ̀kẹ́ kan yà wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn ọmọ ilé ìwé wá bá wọn, gbogbo ojú kún fèrèsé, wọ́n ń juwọ́ sí mọ́tò pupa náà. Mètírọ̀n wo ọ̀kánkán. Àwọn ọmọ kò jáwọ́. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ kan sókè, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ dá ariwo dúró. Inú bọ́ọ̀sì náà hó yèè. Ó tún gbé e sókè. Nígbà tí bọ́ọ̀sì fi máa yà kúrò lọ́nà, ọwọ́ méjèèjì ni Mètírọ̀n fi ń jù sí wọn, báàgì sì ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Àwọn ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́," ló wí, ó gbé báàgì rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ojú ọ̀run fi ṣú. Onígbàjámọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀, ó fa tàpólì. Tàpólì dé ìdajì, ó kọ̀. Ó fà á síwájú, kò wá. Ó tì í sẹ́yìn, kò lọ. Ó dúró gbagidi lókè orí wọn bí ẹnu ọ̀nì. Mètírọ̀n ń wò ó bó ṣe máa ń wo ìka tó bá fà lórí tábìlì, èyí tó burú ju èébú lọ. Nígbà tó fi gbogbo ara tì í, tàpólì padà sẹ́yìn lójijì, ó sì ká síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

"Mà," ni onígbàjámọ̀ wí, "wọ́n ní bí a bá ń sáré, òjò á máa gba orí gíláàsì iwájú fò wá kọjá. Ìgbà tí a bá dúró nìkan ló máa rọ̀ lé wa lórí."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó tà á fún mi ni, mà."

Mètírọ̀n wo òjò, ó wo àna rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ máa lọ."

Òótọ́ ni ẹni tó ta mọ́tò náà sọ. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ ẹ́, Àgbàyà bú, òjò ń rọ̀ yàà ní ọ̀tún ní òsì, àmọ́ bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn ló ń fò lọ sẹ́yìn. Ẹ̀kán òjò díẹ̀ ló ń ta sí wọn létí. Mètírọ̀n na ìka kan sókè láti wò ó, ìka náà tutù, àmọ́ irun orí rẹ̀ gbẹ. Ó mi orí bí ẹni tó rí ìwé àyẹ̀wò tó dáa.

Àfi bí wọ́n ṣe yọ sí katakata kan tó ń fa koríko gbígbẹ, tó ń yan bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Onígbàjámọ̀ tẹ bíréèkì. Kíá ni òjò rí wọn mú. Ó ń dà sí wọn lọ́rùn, koríko ń fò wá lẹ̀ mọ́ wọn lójú, onígbàjámọ̀ sì ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń ṣiyèméjì.

"Kí lò ń wò?" ni Mètírọ̀n wí. "Ọ̀nà là gbalaja níwájú ẹ. Yà á sílẹ̀, ọmọ yìí. Ṣé o fẹ́ kí n kú sínú mọ́tò ẹ ni?"

Onígbàjámọ̀ yà á sílẹ̀. Wọ́n ti kọjá katakata náà tán kó tó yé e pé ohùn òjò kọ́ lòun gbọ́. Lò ń wò. Iwájú ẹ. Ọmọ yìí. Ó fẹ́ yíjú wò ó, ẹ̀rù bà á. Nígbà náà ló gbọ́ ohun kan tó kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ni. Mètírọ̀n ló ń rẹ́rìn-ín, koríko kún orí rẹ̀.

Ìlú kékeré kan ló kàn, iná pupa sì dá wọn dúró níbẹ̀. Kò sí mọ́tò mìíràn lójú ọ̀nà rárá. Òjò ń rọ̀ lé wọn lórí bí ẹni ń da omi sí ewébẹ̀. Onígbàjámọ̀ wo Mètírọ̀n.

"Iná pupa ni," ni Mètírọ̀n wí. "A ò gbọ́dọ̀ lọ."

Wọ́n jókòó. Omi ń ga lẹ́sẹ̀ wọn. Bàbá kan tó sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wò wọ́n títí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. "Ẹ̀yin èèyàn yìí," ló ké láti òdìkejì, "ṣé ẹ mọ̀ pé òjò ń rọ̀?"

"A ti ń fura," ni Mètírọ̀n dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ìlú náà ni wọ́n rí ilé oúnjẹ kan tí àwọn awakọ̀ àjàgbé máa ń yà sí, pápá ńlá olókùúta wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó ni ín fún wọn ní táwẹ́lì, ó fi wọ́n jókòó nítòsí iná àdògán, ó gbé tíì gbígbóná fún wọn. Onígbàjámọ̀ di ife mú, ó ṣọkàn akin.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ ti ń fi 'ẹ' pè mí látọjọ́ yìí. Lónìí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ 'o'."

Mètírọ̀n fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀.

"O rántí ọjọ́ tó o kọ́kọ́ wá sílé wa? Àìsàn ti dá bàbá wọn dùbúlẹ̀ nígbà yẹn. O bi í bóyá kó o bá a gẹ irun. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń wo ọwọ́ rẹ. Èmi tí mo ti tọ́jú aláìsàn títí mo fi darúgbó, mi ò rí ọwọ́ tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá wo dígí, ó ní òun ti di ọkọ ìyàwó padà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó lọ." Ó gbé ife kalẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí ẹ ni mo máa ń rí ọjọ́ yẹn. Bí mo bá sún mọ́ ẹ, màá sunkún, ẹkún ò sì yẹ Mètírọ̀n. 'Ẹ' ló rọ̀ mí lọ́rùn."

Onígbàjámọ̀ sún àga rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn mi ni, mà."

"Ìwọ náà ò sì béèrè." Ó fi táwẹ́lì nu ojú, ó ní omi òjò ni. Ó wá yíjú sí fèrèsé. Òjò ti dá. "Pápá tó wà lẹ́yìn yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni ń lò ó?"

"Rárá, mà," ni obìnrin olóúnjẹ dáhùn. "Iwájú ni àwọn àjàgbé tòní dúró sí."

"Gbogbo ayé mi, wọ́n ń gbé mi kiri ni. Mi ò fọwọ́ kan sitiárín rí. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí."

Bí Mètírọ̀n ṣe dé ìdí sitiárín nìyẹn. Onígbàjámọ̀ fi ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti jíà hàn án, ó ṣàlàyé lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Àgbàyà fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó kú. Ó tún fò, ó tún kú. Àwọn awakọ̀ tó ń jẹun jáde síta tàwo tàwo, ẹnu wọn kò sì ṣọ̀kan: ọ̀kan ní kó tẹ̀ ẹ́, èkejì ní kó tú u sílẹ̀, ẹ̀kẹta ní kó gbàdúrà. Mètírọ̀n bojú wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan bó ṣe máa ń wo àwọn tó wá kí aláìsàn tí wọ́n ń pariwo. Wọ́n dákẹ́. Ó wá rọra gbé ẹsẹ̀ sókè, Àgbàyà sì yọ́ lọ. Ó yí pápá náà po, ó tún un yí, ojú rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń já a nírọ́. Nígbà tó máa dúró, ìdúró ọ̀hún gbọn eyín àwọn méjèèjì, àwọn awakọ̀ sì fi ṣíbí lu àwo fún un.

Onígbàjámọ̀ ló wà á dé etí òkun. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ìyá rẹ̀ látòkè délẹ̀, aṣọ funfun tó ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀, koríko nínú irun.

"Màmá, kí ló ṣe yín?"

"Kò sóhun tó ṣe mí. Ọṣẹ dà?"

Ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó pààrọ̀ aṣọ, ó wá gba ọmọ tuntun náà, ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ àti tẹsẹ̀ bí ẹni tó ń gba ọjà. Gbogbo rẹ̀ pé. Àbúrò ìyàwó ń sunkún ayọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó sì fa ọkọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Wọ́n ń kọrin nínú bálùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," ló wí. "Kí lo fún màmá mi jẹ?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, rélùwéè ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó ní kí màmá wọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n bá òun lọ nínú mọ́tò ńlá, kí ara lè tù wọ́n. Mètírọ̀n ní òun àti onígbàjámọ̀ ti sọ̀rọ̀. Ọ̀nà etí òkun làwọn máa gbà, wọ́n ní ó jìn jù, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lé àwọn. Ó gbé báàgì ńlá fún ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun gbé e, ó fi ìborí so orí rẹ̀ dáadáa, ó bọ́ sínú Àgbàyà.

Òkun wà lọ́wọ́ òsì, ó ń kọ mànà. Onígbàjámọ̀ kò wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin mọ́. Nígbà tó ṣe, àwọn òrùlé kan yọ lókèèrè, lábẹ́ òkè kan.

"Kí lorúkọ ìlú tó wà níwájú yẹn?" ni Mètírọ̀n bi í.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Ó dáa náà," ló wí, ó fẹ̀yìn ti àga. "Tá a bá débẹ̀, a ó béèrè."