Ọjọ́ Tí Mo Lọ Kí Adéòkè

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí jù bẹ̀rẹ̀: èmi ni mo ba ẹjọ́ náà jẹ́. Ẹ má wulẹ̀ dá òfin lẹ́bi. Èmi Zipporah, agbẹjọ́rò ìjọba, ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bà á jẹ́, mo sì tún wé gèlè dúdú lọ.

Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa ni pé kí àwọn oníṣòwò má baà gbìmọ̀ pọ̀ fún aráàlú lọ́rùn. Ní Lọ́kọ́ja níbí, tírélà sìmẹ́ǹtì ń ti Obajana, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọlé lójoojúmọ́, síbẹ̀ iye kan náà ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń tà á. Ẹgbẹ́ wọn ló fẹnu kò sí i. Ẹni tó bá dín in kù, tírélà kankan ò ní já ẹrù fún un mọ́. Gbogbo wọn ló ń ráhùn, àmọ́ Adéòkè nìkan ló gbà láti sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ wa l'Ábújá.

Opó ni Adéòkè. Àdúgbò Felele ló ti ń ta sìmẹ́ǹtì, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ó mú ìwé ìpàdé tí gbogbo wọn fọwọ́ sí wá fún mi, ó ní, "Bárísítà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni o. Tí wọ́n bá mọ̀, ṣọ́ọ̀bù mi parí nìyẹn." Mo ṣèlérí fún un. Tó bá di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ìgbìmọ̀ lè pàṣẹ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

Ni ìyá rẹ̀ bá kú.

Ọmọ Kabba ni Adéòkè, ọmọ Kabba lèmi náà. Kí ọmọ ilé ẹni máa ṣọ̀fọ̀ nílùú kan náà, kí èèyàn má yọjú, irú ìwà wo nìyẹn? Òfin ọ́fíìsì ní a ò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rìí kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹjọ́ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkú. Ọkọ̀ mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo bá wọ ti ọ́fíìsì. Nehemiah awakọ̀ wa ní, "Màdáámù, ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ yìí?" Mo ní kó máa wakọ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù gan-an ló gbé e sí, orúkọ ilé-iṣẹ́ wa hàn gàdàgbà lára ilẹ̀kùn.

"Òkun o," ni mo kí i, bí a ṣe ń kí ara wa ní Kabba. Adéòkè rí mi, ó rí ọkọ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Síbẹ̀ ó fún mi ní àga. Mo jókòó tó wákàtí kan, mo ń ṣe bí ẹni tó mọ ìwà hù.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ́ldà Bámiṣayé, alága ẹgbẹ́ náà, wá sí ọ́fíìsì mi. Ó ṣí fìlà, ó rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, a dúpẹ́ o. A gbọ́ pé ẹ bá wa lọ kí ọmọ wa tó ń ṣọ̀fọ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀sùn wo ni mo fẹ́ fi kàn án? Pé ó dúpẹ́?

Láti ọjọ́ yẹn, tírélà kankan ò dúró fún Adéòkè mọ́. Mo kọ̀wé sí Àbújá pé kí wọ́n tètè pàṣẹ. Wọ́n ní kí n dúró de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Mo pariwo lórí fóònù, mo sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì, kò yí nǹkan kan padà.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ, Adéòkè wọlé. Ó ti rù. "Ẹ́ldà ní tí mo bá gba ọ̀rọ̀ mi padà, tírélà á dé lọ́la. Ẹ bá mi kọ ìwé rẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù. Ó ní kí làwọn ọmọ òun á máa jẹ. Mo bá bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí yín?" ló wí. "Àwọn tí mo bá tajà lọ́dún mẹ́wàá, ẹnì kan ò wá kí mi kú aráfẹ́rakù. Ẹ̀yin nìkan lẹ wá."

Mo fa bébà jáde, mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ: pé ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, pé ẹnikẹ́ni kò fipá mú un. Ó fọwọ́ sí i. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹlẹ́rìí ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni, èmi náà fọwọ́ sí i.