Iyán Tí Bọ́sẹ̀dé Kò Tọrọ

Festus, àbúrò Àrìnkẹ́ tó kàwé ní Íńdíà, ló kọ́kọ́ sọ fún un pé ara ènìyàn yàtọ̀ síra. Ọdún 2001 ni, nígbà tó wá kí i ní Ìlógbò lọ́dún Àjíǹde. Ó ní àwọn àgbà ilẹ̀ Íńdíà pín ara sí mẹ́ta: ara afẹ́fẹ́, ara iná, ara amọ̀. Ara afẹ́fẹ́ a máa tín-ín-rín, òtútù a máa tètè mú un. Oúnjẹ gbígbóná ló yẹ ẹ́. Ara amọ̀ a máa tóbi. Oúnjẹ líle àti oorun ọ̀sán ni ọ̀tá rẹ̀.

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, afẹ́fẹ́ pọ́ńbélé ni yín. Ẹ má jẹ oúnjẹ tútù o."

Festus rẹ́rìn-ín, Àrìnkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó rántí ìgbà tó kọ́kọ́ wọlé ọkọ. Òun ló ń gún iyán, Bọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ló ń pín in. Kó tó kan Àrìnkẹ́, iyán á ti tutù, á ti le. Lọ́jọ́ kan tó lóyún, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún òkèlè kan tó gbóná. Bọ́sẹ̀dé ní, "O fẹ́ bá ọkọ jẹun? Kúrò níwájú mi, igi gbígbẹ!" Oyún náà kò dúró. Láti ọjọ́ náà ni Àrìnkẹ́ ti ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀.

Kí ọdún 2001 tó parí, wọ́n fi mọ́tò gbé Bọ́sẹ̀dé dé láti Ìdó. Ó ti sanra, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wú, kò lè dá dìde. Túndé ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó, kò ráyè.

"Jọ̀wọ́, bá mi tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi," ni Olúdáre, ọkọ Àrìnkẹ́, wí.

"Màá tọ́jú wọn dáadáa."

Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, odó á dún gbì, gbì, títí dé ilé kẹta. Gbogbo ilé á jẹ iyán. Bọ́sẹ̀dé á gba abọ́ ẹ̀wà tó ṣàn bí omi, ata àti atalẹ̀ nínú rẹ̀, kò lépo.

"Ìyàwó, uyán mi dà?"

"Ara amọ̀ ni yín, Ìyá Túndé. Àwọn ará Íńdíà ní uyán ò dáa fún yín."

"Ará Íńdíà mọ odó? Ta ni uyán pa rí l'Ékìtì?"

"Ẹ jẹ ẹ̀wà yín kó tó tutù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oúnjẹ tútù ò dáa."

Bọ́sẹ̀dé wò ó títí, ó gbé ṣíbí. Bó bá sùn lọ́sàn-án, Àrìnkẹ́ á jí i pé kó dìde rìn. Olúdáre fẹ́ dá sí i. Àrìnkẹ́ fi ìwé tí Festus kọ ránṣẹ́ lórí oúnjẹ ara amọ̀ hàn án, ó yọwọ́. Ohun kan ṣoṣo ni Àrìnkẹ́ ń fẹ́: kí obìnrin yìí bẹ òun fún òkèlè kan, kóun náà lè pè é ní igi gbígbẹ.

Bọ́sẹ̀dé kò bẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́ta kọjá. Orúnkún rẹ̀ tó wú rọlẹ̀. Ó fi ọ̀pá rìn, nígbà tó yá ó ju ọ̀pá nù. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń kí Àrìnkẹ́ kú iṣẹ́ rere. Ìkíni náà korò létí rẹ̀ ju ewúro lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Bọ́sẹ̀dé ní ọ̀la lòun ń lọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Àrìnkẹ́ ti ń gún iyán. Ó gbé iyán kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ooru ń rú lórí rẹ̀.

"Ẹ sáà ní kí n fún yín, Ìyá Túndé. Ọ̀rọ̀ kan péré."

Bọ́sẹ̀dé so gèlè rẹ̀ le. "Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti mọ ohun tí o ń dúró dè. O ṣeun fún orúnkún."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Àrìnkẹ́ dúró ti iyán tó ń tutù, ó ń wo orúnkún méjì tóun fúnra rẹ̀ wò sàn, bí wọ́n ti ń gbé ọ̀tá rẹ̀ lọ sídìí mọ́tò Ìdó. Bọ́sẹ̀dé kò bojú wẹ̀yìn.