Ìṣó Tí Kò Ní Àwo

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Sabon Gari, ní Zaria, ẹ gbójú sókè kí ẹ tó máa ná ọjà. Ẹ óò rí àwọn àwo orin tí mo fi ìṣó kọ́ sára ògiri lókè ilẹ̀kùn, àwo kan fún ọdún kan. Èyí tí a bá kọ́ síbẹ̀ lópin ọdún ni a gbà pé òun ló ni ọdún náà. A kì í tà á mọ́, ìbáà jẹ́ ọba ló fẹ́ rà á. Láàárín àwo 1978 àti ti 1980, ìṣó kan wà tí kò ní àwo. Àwọn oníbàárà mi ti fi ìṣó yẹn bú mi títí, wọ́n ní alágídí ni mí. Wọn ò purọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Kì í ṣe èmi ni mò ń yan àwo ọdún. Mọ̀dínátù ìyàwó mi ni. Èmi kàn ń tà á ni, ẹni tó ń ta ẹran kọ́ ló mọ ọbẹ̀ sè jù. Mọ̀dínátù á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ giramafóònù, á gbọ́ díẹ̀, á ní, "Bàbá Àsíátù, ẹni yìí ń pariwo ni, kò kọrin." Bí orin kan bá wọ̀ ọ́ lára, kò ní sọ nǹkan kan. Á kàn máa fi ẹsẹ̀ òsì gbá ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ti rí ẹsẹ̀ yẹn, mo ti mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ kó púpọ̀ sí i wá láti Kánò.

Òun náà ní orin tirẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó bọ́jú, á wá kúnlẹ̀ síwájú mi, á máa kì mí. "Àlàó, ọkọ mi, ọkùnrin tó dé ọjà tí ọjà kún." Orin ló fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ tí ará ilé kejì kò lè gbọ́. Èmi á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, fìlà lórí orúnkún, màá máa dáhùn "hùún" bí ọmọdé tó ń mu ẹ̀kọ. Orí mi á wú. Lẹ́yìn náà ni màá tó dìde lọ bá àwọn ará ọjà fa wàhálà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1979, ikọ́ mú un. A rò pé eruku ọyẹ́ ni. Kí ọyẹ́ tó lọ, Mọ̀dínátù ti lọ.

Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, kò sẹ́ni tó pè mí ní Àlàó mọ́ ní Zaria. Mai Garmaho làwọn Hausa ń pè mí nítorí giramafóònù mi, àwọn Yorùbá ń pè mí ní Rájí Olórin. Ó wá ku èmi àti Àsíátù, ọmọ wa kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́jọ, nínú ilé wa ní Dogarawa. Zaria la bí i sí. Hausa ló fi ń ṣeré, òun ló fi ń sunkún, Yorùbá tó sì gbọ́ kò ju èyí tí ìyá rẹ̀ ń bá a sọ lọ. Hausa ọjà ni tèmi. Mo lè fi ná ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè fi bi ọmọ bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́. Ìyá rẹ̀ ló máa ń bá wa túmọ̀ ara wa.

"Ina kwana, Baba?" á kí mi láàárọ̀.

"Lafiya lau," màá dáhùn pé àlàáfíà ni. Ó parí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ti tán nìyẹn, ká tún máa gbọ́ ìró ṣíbí ara wa lára abọ́.

Orin pọ̀ lọ́dún náà o. Àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, ọkọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú sì ń fi orin di wá létí kiri ìlú. Ṣùgbọ́n orin àkọ́kọ́ tí mo fi ń rántí ọdún yẹn ni àwo àpàlà kan tó dé nígbà tí Mọ̀dínátù ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo gbé giramafóònù wálé kí ó lè gbọ́ ọ. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ó mì díẹ̀. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá orin ló mì í tàbí òtútù. Mo gbé àwo náà pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, n kò tà á, n kò sì gbé e sórí ẹ̀rọ mọ́.

Nígbà òjò, àwo jùjú kan gba ìgboro kan. Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé, olùkọ́ ní yunifásítì, oníbàárà mi láti ọjọ́ pípẹ́, ní kí n má wulẹ̀ wá òmíràn mọ́. "Rájí, èyí ló ni ọdún," ló wí. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo wo ẹsẹ̀ òsì ara mi. Kò mira. Mo ta àwo náà títí ó fi tán, àmọ́ kò kàn mí.

Orin kẹta, Àsíátù ló ń kọ ọ́ bó bá ń fọ abọ́, orin eré àwọn ọmọbìnrin àdúgbò. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ọ. Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra, mo jáde, mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

"Ba komai, Baba," ó ní. Kò sí nǹkan kan. Kò sì kọ ọ́ mọ́ bí mo bá wà nílé. Ó dùn mí ju kí olè kó mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi Kàmọ́rù wá bá wa ṣọdún Iléyá láti Ìlọrin. Ó wo irun orí Àsíátù tí mo fi ọwọ́ ara mi dì, ó mi orí.

"Rájí, jẹ́ kí n mú ọmọ yìí lọ bá ìyàwó mi. Á kéwú, á gbọ́ èdè baba rẹ̀. Kí lẹ̀yin méjèèjì ń sọ fún ara yín níbí?"

Mo ní ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ bi Àsíátù bóyá ó fẹ́ lọ. Mo to ọ̀rọ̀ náà dáadáa ní Hausa, àmọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, ó dà bíi pé mò ń bi í ní iye tó fẹ́ san. Ó ní, "To, Baba," ó gbà. Ẹ̀rù bà mí pé bóyá inú rẹ̀ dùn láti lọ, ẹ̀rù sì tún bà mí pé bóyá kò dùn. N kò ní ẹnu tí màá fi bi í.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, mo jí, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, fìlà lórí orúnkún. N kò tíì jáwọ́ nínú ìjókòó yẹn láti ìgbà tí Mọ̀dínátù ti kú. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀, ara mi ni kò gbà. Àsíátù wọlé nínú aṣọ ọdún rẹ̀. Mo ń retí "Ina kwana." Kàkà bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbi tí ìyá rẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ sí gan-an, ó fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin:

"Àbẹ̀kẹ́, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́,
onídìí ìlẹ̀kẹ̀,
ọmọ tó jí tí ilé mọ́."

Kàmọ́rù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Àsíátù, oríkì tìẹ nìyẹn, obìnrin là ń fi kì. Baba tó ní irùngbọ̀n báyìí lo ń pè ní onídìí ìlẹ̀kẹ̀?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Màmá máa ń ṣe é fún mi kullum, lójoojúmọ́," ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wá Yorùbá rẹ̀ jọ. "Kò sí ẹni tó ń ṣe é fún Baba mọ́."

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Bí Mọ̀dínátù bá kọ tèmi tán, ìdí ẹní ọmọ ló ń kọjá sí lọ kọ tiẹ̀. Ohun tó bá ojú ti bá imú, èmi kàn ń sunkún ojú nìkan. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ọmọ mi ti ń jí bí mo ṣe ń jí, tí kò sẹ́ni tó pè é. Ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù fún un, òun náà ló gbé wá fún mi kí ó tó lọ.

"Hùún," mo dáhùn. Omi ti ń jáde lójú mi, n kò sì nù ún. Mo ní kó tún un kọ, ó tún un kọ. Mo wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi ń mì. Lẹ́yìn náà mo fà á mọ́ra, èmi náà kọ ọ́ fún un. Ohùn mi kò dáa, mo ṣi ọ̀rọ̀ pè, ó sì bá mi tún un ṣe.

Kàmọ́rù nìkan ló wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Ó ní màá ba ọmọ náà jẹ́. Ó lè jẹ́ òótọ́.

Lópin ọdún, mo kan ìṣó mọ́ ògiri bí a ti ń ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé dúró, ó ń retí àwo. Mo sọ fún un pé orin tó ni ọdún yìí kò sí nínú àwo. Ó rò pé mo fẹ́ fi í pamọ́ kí n lè tà á wọ́n.

Ó yẹ kí n ti kọ́ Àsíátù ní oríkì mi gan-an, kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń kì ọkùnrin. N kò kọ́ ọ. Mọ̀dínátù ló ni Àlàó, ó ti mú un lọ. Nílé wa ní Dogarawa, èmi àti ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ni àwa méjèèjì ń jẹ́, mo sì ń dáhùn láràárọ̀.