Ojú Kan Níwájú Òróró Gbígbóná

Ọkọ mi pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ ọdún ìbí Krishna, Ọlọ́run wa, kò tilẹ̀ kí mi dáadáa.

"Kothai, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí Màmá dé ìdí òróró lónìí. Ìwọ ni kí o dín sídáì. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún wọn."

"Mo ti gbọ́, Varadan."

"Kì í ṣe pé o gbọ́. Ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Ìlú Coimbatore ló ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo wà nílé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ìlérí kò sì wúwo lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé fóònù sílẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìró igi tí wọ́n ń ṣẹ́ nílé ìdáná. Ìyá ọkọ mi ti jí ṣáájú mi. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti ró sárì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti àná, wọ́n ti wà nínú mádì. Ẹni tó bá wà nínú mádì, ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì wẹ̀, kó ró sárì mímọ́ bíi tirẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fara kàn án títí oúnjẹ á fi dé iwájú Ọlọ́run. Sárì mádì kan ṣoṣo tí mo ní ńkọ́? Ó wà lórí ọ̀pá lẹ́yìnkùlé, òjò òru ti rin ín gbingbin. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo lè dé mọ.

Àyà mi já.

Ẹni tí kò mọ sídáì á rò pé ọ̀rọ̀ eré ni mò ń sọ. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ẹ̀wà dúdú díẹ̀, bọ́tà, yànmọ̀tí àti iyọ̀. A ó pò ó, a ó yí i róbótó-róbótó bí ọmọ ayò, a ó dín in títí á fi le tí á máa dún kàà lẹ́nu. Ọmọdé tó bá jẹ ẹ́ kì í fẹ́ jẹ nǹkan mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun kò bá kúnná, bí hóró kan péré bá há sínú rẹ̀, á wú nínú òróró, á sì bẹ́ bí ìbọn. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kí wọ́n tó fẹ́ mi wọlé, ọ̀kan bẹ́ lójú agbada, ó gbé òróró gbígbóná sókè, ó dà á sójú òsì ìyá ọkọ mi. Àpá rẹ̀ wà lọ́rùn wọn títí dòní. Dókítà ní kí wọ́n máa ṣọ́ ojú ọ̀tún bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Ojú lọba ara, ọba kan ló sì kù fún wọn.

Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan, ẹ̀rù mi ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n mo tún ní ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́rùn.

Nílé tiwa, a kì í ra ìyẹ̀fun níta fún ọdún Krishna. Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń lọ nǹkan sí kò mọ́ tó. Ilé la ti ń gún un, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la sì ń kù ú. Ìrẹsì, mo kù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo lè fi orí mi búra. Nígbà tó wá kan ẹ̀wà tí a ti yan, apá ti ń ro mí, ilẹ̀ ti ń ṣú, ìyá ọkọ mi sì ń bèèrè láti inú iyàrá pé, "Ṣé o ti parí?" Mo kù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní, "Mo ti parí, Màmá." Mo ṣan ọwọ́, mo lọ sùn. Hóró ẹ̀wà tí kò kúnná ló sì burú jù fún sídáì, kò sí obìnrin ládùúgbò wa tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo rò ni pé èmi ni n ó jókòó sídìí agbada. Bó bá bẹ́, kó bẹ́ mọ́ mi, ṣebí èmi ni mo ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ta ló mọ̀ pé òjò máa rin sárì? Ta ló mọ̀ pé wọ́n máa jí ní ìdájí bí ẹni tó ń lọ jà?

"Màmá," mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, "ẹ jẹ́ kí n wẹ̀, kí n ró sárì yẹn ní tútù, kí n wá dín in."

"Kí omi máa kán sínú òróró gbígbóná? Ṣé o fẹ́ dáná sunlé mi ni?"

"Ẹ jẹ́ ká dúró kó gbẹ nígbà náà."

"Oòrùn wo ni yóò gbẹ ẹ́? Oòrùn ilé baba rẹ?" Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ń yí sídáì lọ sórí aṣọ funfun, ọwọ́ wọn ń yára bí ọwọ́ ọmọ ọdún ogún. "Lọ fi ìyẹ̀fun ya ẹsẹ̀ Krishna kékeré sílẹ̀. Kó tó wọlé wá, kó mọ̀ pé a ń retí òun."

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Bí mo bá sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa dà nù, kò sì sí ẹ̀wà mìíràn nílé. Krishna á wọlé lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, kò ní rí sídáì, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà ìyá ìyá ọkọ wọn. Àdúgbò á sì gbọ́ pé ìyàwó Varadan ló fà á. Ìtìjú ló dí mi lẹ́nu. Mo kórìíra ara mi fún un, síbẹ̀ mo dákẹ́.

Mo po ìyẹ̀fun ìrẹsì mọ́ omi, mo sì ń ya ẹsẹ̀ kéékèèké láti ẹnu ọ̀nà òde lọ sí iyàrá Ọlọ́run, ẹsẹ̀ ọmọ jòjòló, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. N kò tíì yà á tán tí ìyá ọkọ mi fi jáde wá gbé òróró. Wọ́n gba àárín gbogbo rẹ̀ kọjá. Wọ́n tẹ mẹ́ta mọ́lẹ̀, ó wọ́ mọ́ ilẹ̀, wọn kò sọ nǹkan kan. Èyí bà mí lẹ́rù ju ìbínú lọ, torí wọ́n máa ń fi odidi ọ̀sẹ̀ kan sọ̀rọ̀ ìlà mi tó wọ́. Mo ní lọ́kàn mi, wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ti rí hóró nínú ìyẹ̀fun, inú ń bí wọn sí mi.

Lẹ́yìn ọ̀sán, wọ́n gbé agbada kaná. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

"Sún sẹ́yìn," wọ́n ní.

Mo sún.

"Sún sẹ́yìn sí i. Mò ń gbọ́ èémí rẹ. Máa wo inú agbada láti ọ̀hún, kí o máa pe àwọ̀ rẹ̀ fún mi, kí n mọ̀ bóyá o ń kọ́ṣẹ́."

Màmá Vanajakshi, aládùúgbò wa, na ọrùn lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. "Kothai, ṣé ìbọn ti ń dún nílé yín? Nílé tèmi, mẹ́ta ti bẹ́. Ọkọ mi ti sá lọ sójú títì, ó ní òun ń lọ ra ewé."

"A ò tíì bẹ̀rẹ̀, Màmá."

Ó wá pe ìyá ọkọ mi: "Ambujam, ṣé ìwọ náà lo tún jókòó síbẹ̀? O ò lérò rárá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, ṣebí ó yẹ kó bẹ̀rù okùn."

"Ejò tó bù mí jẹ ti kú," ìyá ọkọ mi dá a lóhùn. "Lọ wo agbada tìrẹ kó tó jó."

Vanajakshi rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo wo òróró náà, bó ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń ro ibi. Ìyá ọkọ mi ju ọ̀kan sínú rẹ̀, wọ́n dẹ etí. Ó hó wẹ́ẹ́, ó léfòó. Wọ́n da ẹ̀kúnwọ́ kan sí i.

"Àwọ̀ wo ni?"

"Ó ṣì funfun."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti ń pọ́n díẹ̀. Ó ti dà bí oyin. Ẹ kó o, Màmá."

Wọ́n fi ṣíbí oníhò kó o. Kò sí èyí tó bẹ́. Mo mí kanlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Krishna lábẹ́ ahọ́n pé kó jẹ́ kí ìyókù rí bẹ́ẹ̀, pé bí ó bá dá ojú yìí sí fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni n ó máa kù ú lọ́dọọdún. Ẹ̀kúnwọ́ kejì wọlé. Nǹkan kan ta pó nínú rẹ̀, kékeré, òróró fọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ìyá ọkọ mi kò fà sẹ́yìn. Ojú wọn wà lókè agbada gan-an, bí ẹni tó ń wo inú kànga.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ojú kúrò."

"Àwọ̀ wo ni, mo bi ọ́."

"Ẹ gbé ojú yín kúrò níbẹ̀!"

N kò pariwo mọ́ wọn rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Wọ́n kàn mi orí, wọ́n kó ti inú agbada, wọ́n sì da ẹ̀kúnwọ́ kẹta sí i.

Mo rí i kí ó tó ṣe nǹkan kan. Ọ̀kan láàárín wọn dúró sójú kan, ó ń wú, ara rẹ̀ ń là. Mo ní, "Ẹ bò ó, Màmá, ẹ gbé ọmọrí!" Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ọmọrí kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ lálẹ́ àná, mo sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, níwájú ojú ọ̀tún wọn gan-an, tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń tàn sí i lára. Ọwọ́ wọn ń táràrà nílẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọrí náà lọ, ó kọjá bọ̀, kò rí i.

N kò rántí mádì. Mo fò wọlé, mo gbá èjìká wọn mú, mo fà wọ́n ṣubú sẹ́yìn kúrò lórí àpótí. Ó bẹ́. Òróró ta lu ògiri níbi tí ojú wọn wà tẹ́lẹ̀, ó ta sí mi lápá, iná ààrò sì là sókè. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́ igi kúrò lábẹ́ agbada. Òmíràn tún bẹ́, lẹ́yìn náà òróró rọlẹ̀, ilé sì dákẹ́.

Àwa méjèèjì wà nílẹ̀. Mo di ojú wọn mú, mo ń wò ó, mo ń wá ibi tó jó. Kò sí ibì kankan tó jó. Ṣùgbọ́n àárín ẹyinjú ọ̀tún náà ti funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Mo ju ọwọ́ níwájú rẹ̀, wọn kò ṣẹ́jú.

"Màmá, láti ìgbà wo?"

"Láti àsìkò ìkórè. Mo kọ́kọ́ rò pé èéfín ààrò ni."

"Oṣù méje? Ẹ wà nílé pẹ̀lú mi, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí ọkọ rẹ lè wá gbé mi lọ sí Coimbatore, kí n máa jókòó sórí àga bí ẹrù? Ẹsẹ̀ mi mọ gbogbo ibi nínú ilé yìí. Ìwọ lo gbé ọmọrí kúrò ní àyè rẹ̀."

Ẹkún bọ́ lójú mi. Mo ní, "Èmi ni mo fà á, Màmá. Ẹ̀wà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni mo kù ú. Mo purọ́ fún yín."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ojú ló fọ́, etí kò di. Mo gbọ́ asẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbọ́ tí o ń ṣan ọwọ́. Mo ní, ó ti rẹ ọmọ yìí."

"Ẹ mọ̀ pé ó máa bẹ́, ẹ tún jókòó tì í?"

"Bí mo bá dà á nù, Vanajakshi á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á sì fi ọ́ kọrin kiri àdúgbò. Bí n kò bá dà á nù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sídìí rẹ̀. Ṣé ìwọ ni kó jókòó? Ojú méjì gbáko lo ní. Èmi, kí ni òróró tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Mo jí ní ìdájí kí o má baà ṣáájú mi débẹ̀."

Apá mi ń ta mí bí iná, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún.

"O ń sunkún," wọ́n ní, ohùn wọn sì yí padà lójijì. "Kí ló dé? Ṣé ó ta sí ọ lójú? Kothai, dá mi lóhùn, ṣé ó ta sí ọ lójú?"

"Rárá, Màmá."

"Sún mọ́ mi."

Ọwọ́ wọn tó kún fún ìyẹ̀fun wá mi kiri nínú afẹ́fẹ́, ó kan àgbọ̀n mi, ó gun òkè. Wọ́n fi ìka kan ìpéǹpéjú ọ̀tún mi, jẹ́jẹ́, wọ́n sì kan ti òsì.

"Ṣé o rí mi?"

"Mo rí yín, Màmá."

Wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n tún fọwọ́ kan ti òsì lẹ́ẹ̀kan sí i.