Àmì Tó Wà Láàárín

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mo kìlọ̀ fún yín o. Bí ẹni tó jù yín lọ bá ní kí ẹ bá òun wo nǹkan, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ohun tí ẹ bá rí ló fẹ́ gbọ́, àbí èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti rí tẹ́lẹ̀. Aránṣọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò bi ẹnikẹ́ni.

"Sójà, ṣé o ti dé ibẹ̀?"

"Mo ti dé ibẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo rí?"

Aránṣọ tún gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sórí fọ́tò òkúta kan, ó tún tẹ̀ síwájú wò ó.

Sójà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é láti kékeré, nítorí kò sí ohun tí kì í bà á lẹ́rù. Ológbò ń bà á lẹ́rù. Agogo ẹnu ọ̀nà ń bà á lẹ́rù. Obìnrin náà ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já kó tó gbé e. Ìwé mẹ́fà ló kà, ló bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ibẹ̀ ló wà títí di ọdún méjì sẹ́yìn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti kú nígbà náà, ojú ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kò sì ríran mọ́ ju ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun ló di ẹrù, tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́, tó wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n yìí. Òpìtàn ni. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa àwọn Máyà, àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta kọ́ ìlú sáàárín igbó kìjikìji, ní apá ibi tí à ń pè ní Mẹ́síkò lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wọ igbó náà. Ibà dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀fọn jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ àgbàdo, ìbaaka kan sì da òun àti àpò ìwé rẹ̀ sódò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí eyín rẹ̀, ẹ bi í nípa òkúta kan ṣoṣo. Ó ka ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta yẹn, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ kọ ìwé ńlá rẹ̀: pé ọ̀dọ́ ọba kan ló gbé e dúró fúnra rẹ̀, lọ́dún tó ṣẹ́gun. Ìwé náà ni wọ́n fẹ́ tún tẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló sì ń bá a yẹ àwọn fọ́tò inú rẹ̀ wò. Ilé ìtẹ̀wé máa rán ènìyàn wá gbà á láago mẹ́rin. Aago mọ́kànlá ti lù.

"Ọ̀pá kan wà nísàlẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí láti orí àga rẹ̀. "Nínú nọ́ńbà àwọn Máyà, ọ̀pá yẹn jẹ́ márùn-ún. Àmì róbótó kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Mẹ́ta ni wọ́n. Àpapọ̀ rẹ̀, mẹ́jọ. Sáà sọ pé o rí wọn, ká lọ sí òmíràn."

Ọ̀pá náà wà. Róbótó apá ọ̀tún wà. Ti apá òsì wà. Èyí tó wà láàárín ni kò jẹ́ kí aránṣọ gbádùn. Ó gbé fọ́tò lọ síwájú fèrèsé. Nǹkan ọ̀hún tẹ̀ kọdọrọ bí èékánná tí wọ́n gé, ẹnu rẹ̀ méjèèjì mú ṣóńṣó.

Ó sì mọ nǹkan náà. Ó ti ṣe irú rẹ̀ sára aṣọ àwọn ọmọdé láìmọye ìgbà. Bí bọ́tìnì bá jẹ́ méjì, tí àárín wọn wá ṣófo, òwú ló máa fi kó òdòdó kékeré kan sí i, kí ojú lè rí nǹkan dì mú. Kò sí oníbàárà tó wò ó tó ní bọ́tìnì mẹ́ta ni.

Ẹni tó sọ kẹ́yìn pé wọn kò pé mẹ́ta, aránṣọ mọ ohun tí ojú onítọ̀hún rí. Ọmọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ níṣẹ́ ni, èyí tó fẹ́ràn jù, tó ti di olùkọ́ yunifásítì báyìí. Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọmọbìnrin náà dìde nínú gbọ̀ngàn, ó ní méje ló wà lára òkúta yẹn, kì í ṣe mẹ́jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó lọ ra awò ojú. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Síbẹ̀ fọ́tò ọmọ yẹn ṣì wà lára ògiri pálọ̀, ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbé e kúrò, ìjà dé.

"Sójà! Àbí o ti sùn ni?"

"Mi ò sùn."

"Mẹ́ta ni, àbí kì í ṣe mẹ́ta?"

Bó bá ní mẹ́ta ni, ó parí náà nìyẹn. Á lọ wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná. Ìwé á lọ láago mẹ́rin, àwọn tó lójú á sì máa fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, níṣojú rẹ̀, kò sì ní mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí èrò rẹ̀ dé yìí ló gún un lọ́kàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́... ẹ má bínú. Méjì ni."

"Kí lo wí?"

"Róbótó méjì ni. Ti àárín... kì í ṣe róbótó. Ọ̀ṣọ́ ni. Ẹni tó gbẹ́ ẹ rí i pé àárín ṣófo, ló bá fi nǹkan dí i. Èmi náà máa ń ṣe é."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde dúró. "Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ yìí? Ṣé ọmọbìnrin yẹn ti pè ẹ́?"

"Mi ò ní nọ́ńbà wọn."

"Ó dára. Ó kù kí ẹ̀rọ ìránṣọ náà máa kọ́ mi ní Máyà."

"Ẹ lé mi lọ sílé bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ná."

Ó yà á lẹ́nu pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó mú àkísà aṣọ kan, ó rán bọ́tìnì méjì mọ́ ọn, ó fi òwú tó nípọn kó èékánná yẹn sáàárín wọn, ó wá ká etí aṣọ pọ̀ nísàlẹ̀ bí ọ̀pá. Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbọ́ bí òwú ṣe ń wọ aṣọ. Nígbà tó parí, ó mú ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé e.

Ìka náà kọjá lórí bọ́tìnì, ó wọ ibi tó tẹ̀ kọdọrọ yẹn, ó tún gun bọ́tìnì. Ó padà. Ó tún lọ.

"Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo rí òkúta yẹn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Oníbaaka ń pariwo pé odò ti ń kún. Mo fọwọ́ kan òkúta náà, Sójà. Ìka mi wọ kòtò láàárín. Mo ní òjò ló jẹ ẹ́."

"Òjò lè jẹ òkúta lóòótọ́."

"Má tù mí nínú. Níbi tí nọ́ńbà yẹn wà, ẹyọ kan jẹ́ ogún ọdún. Bó bá jẹ́ méje, ọjọ́ náà padà sẹ́yìn ní ogún ọdún, ọba mi ṣì ń mu ọmú nígbà náà."

"Ta ló wá gbé òkúta dúró?"

"Ìyá rẹ̀ ni. Òun ló di ìlú mú fún un. Bí ọmọ yẹn ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, tí mo ní kó lọ ra awò." Ó fi àkísà náà nu ojú, ó gbàgbé pé bọ́tìnì wà lára rẹ̀, ló bá ké "yéè!" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó ń bọ̀ láago mẹ́rin ńkọ́?"

"Fún un lómi mu, kó máa lọ. Kò sí ìwé lónìí. Ó yá, tẹ nọ́ńbà tí mo bá pè."

Láti inú orí ló ti pè é, láìṣì ọ̀kan. Aránṣọ tẹ̀ ẹ́, kò sì béèrè ibi tó ti ń fi í pamọ́ láti ọdún mẹ́wàá. Wọ́n gbé e lọ́hùn-ún.

"Méje ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Kò tiẹ̀ kí i.

Ohùn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ní, "Ọ̀gá?" Imú rẹ̀ ti dí bí ti ẹni tó sunkún. "Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Àbúrò mi. Aránṣọ ni. Orúkọ rẹ̀ máa wà nínú ìwé náà, tìrẹ náà á sì wà níbẹ̀. Wá sílé lọ́la."

"Mà á wá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n na fóònù sí Sójà. Ó gbà á bí ẹni gba ẹyin tó gbóná.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ ṣé gan-an. Nínú àwọn fọ́tò tó kù, mà, ṣé ẹ rí nǹkan míì?"

Aránṣọ wo fọ́tò tó kàn lórí tábìlì, èékánná kan tún wà láàárín róbótó méjì níbẹ̀; ó tún wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń fi ìka pa bọ́tìnì lára. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti fọ́tò náà sábẹ́ ìwé.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Mo ti sọ tòní. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."