Ìjókòó Mọ́tò Tó Gbẹ̀yìn

"Ìdí mi ló fa gbogbo ẹ̀," ni Ṣigeno máa ń kọ́kọ́ sọ, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíì."

Láti ìgbà tó ti wà ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ló ti ń rán awọ ìjókòó mọ́tò kan nílé iṣẹ́ wọn létí òkun. Mọ́tò eré sísá ni, onílẹ̀kùn méjì, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí alákàn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Wọn ò ta ẹyọ kan rí ní Jàpáànù níbí. Nígbà tó yá, àwọn ará ọ̀hún ní mọ́tò gíga làwọn ń fẹ́. Bí ọjọ́ tí iṣẹ́ mọ́tò náà máa parí ṣe dé nìyẹn.

Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, Ṣigeno yọ́ lọ sídìí mọ́tò tó gbẹ̀yìn. Ó kàn fẹ́ di sítíárìn mú lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Ó gba ilẹ̀kùn ọ̀tún wọlé bíi ti mọ́tò Jàpáànù tí wọ́n ń wà lápá ọ̀tún, ó jókòó, ó nawọ́: òfìfo! Apá òsì ni sítíárìn Amẹ́ríkà wà! Ẹ̀rín pa á, ó ń yí gbirigbiri, ni báàjì onírin tí wọ́n fún wọn fún ìdágbére, tó kì sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò, bá fa awọ ìjókòó ya.

Awọ ti tán. Wọ́n ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ palẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń dúró ní èbúté. Kò sì sẹ́ni tó rí i.

Nígbà tó yá, gbogbo òṣìṣẹ́ tò, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dákẹ́ bí ẹni ń sin òkú. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Bí Ṣigeno bá panu mọ́, àbùkù ni yóò gbẹ̀yìn iṣẹ́ gbogbo wọn. Ó nawọ́ sókè, ó fa okùn tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ dúró. Gbogbo ẹ̀rọ dúró.

Níbẹ̀, ẹni tó bá rí àbùkù ló ń fa okùn, ọ̀gá á sì kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, ìbáà máa bínú. Kasahara, ọ̀gá wọn, tẹrí ba.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Kí lẹ rí?"

"Ìdí mi, ọ̀gá. Ó ti ya ìjókòó."

Nobue, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń so ilẹ̀kùn mọ́ mọ́tò, pa ẹ̀rín mọ́ra títí, kò lè ṣe é. "Ṣé n ò sọ fún ẹ pé kó o dín ìrẹsì kù?"

Kasahara fọwọ́ pa ojú ibi tó ya, ó pẹ́ lórí rẹ̀. "A máa ránṣẹ́ wá awọ níbòmíì. Kò lè lọ lónìí."

Kò sẹ́ni tó dé fìlà. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Nobue.

"Ọ̀gá," ó ní, "tí kò bá tíì lọ, ṣé iṣẹ́ wa ti wá parí báyìí?"